Ta Ló Sọ̀rọ̀ Nínú Ibùba?

Èmi kọ́. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn. Màá wọlé, màá dúró ṣánṣán, màá kí Méjọ̀, ọ̀gá wa, tí wọ́n bá bi mí, màá ní, "Èmi kọ́, sà." Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá wá ní ta ni nígbà náà... Ta ni kẹ̀? Àwa méjì péré la lajú sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kọ́púrà ń sùn nínú ihò lẹ́yìn wa. Ọmọ ìlú Bury tó ń gbé rédíò ń sùn ní tirẹ̀, ó ki orí bọ inú àpò bí ìgbín. Èmi àti Julius la wà lójú ihò, àyà nílẹ̀, ojú lọ́nà. Yọ èmi Bùnyámínù kúrò níbẹ̀, kí o wá wo ẹni tó kù.

Julius ló kù.

Julius tó wà nínú yàrá yẹn báyìí, tí ìlẹ̀kùn pa dé mọ́ òun àti Méjọ̀. Ó ti pẹ́. Ó ti pẹ́ jù... Tíì ti tutù mọ́ mi lọ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Kí lèèyàn ń rò lójú ọ̀gá tó báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ ọ̀hún. Àbí ó ń kó o sí mi lọ́rùn ni? "Benny ni, sà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àlejò ni." Benny, orúkọ tí wọ́n fún mi níbí nìyẹn, wọ́n ní Bùnyámínù gùn jù fún rédíò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í pẹ́ tó yìí nínú yàrá.

Jẹ́ kí n tún un rò. Mo ti rò ó láti ilé ní Eccles títí bọ́ọ̀sì fi gbé mi dé ìlú, mo tún rò ó bí mo ṣe ń rìn bọ̀ nínú òjò, ibì kan náà ló ń já sí. Ìdánrawò ni, kì í ṣe ogun. Wọ́n kó àwa sójà òpin ọ̀sẹ̀ láti Manchester lọ sí òpin àríwá Scotland, níbi tí èèyàn ti lè rìn láti òwúrọ̀ dalẹ́ kó má rí òrùlé kan. Wọ́n já wa sílẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ní ká máa lọ. A gbé ẹrù tó ń tẹ èèyàn lọ́rùn wọlé, a la àbàtà kọjá, a gun òkè, títí a fi dé ibi tí a ti lè máa wo títì tó wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ la gbẹ́ ibùba wa sí. A hó koríko kúrò lórí ilẹ̀ bí ẹni ń hó awọ ẹran, a gbẹ́ ihò, a fi tapólì bò ó, a dá koríko padà sórí rẹ̀. Ká máa ṣọ́ ọkọ̀ tó bá kọjá bí ẹni pé ti Rọ́ṣíà ni, ká sì máa fi rédíò ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ju kí èèyàn wà níbì kan kó dà bíi pé kò sí níbẹ̀.

Kò sí ọṣẹ, nítorí imú ajá. Kò sí iná. Ẹ̀wà inú agolo là ń jẹ ní tútù. Ohun tí inú bá yà, inú ọ̀rá la ń dì í sí, a ó sì gbé e padà bọ̀ wálé. Bí ìyá mi ní Ìlọrin bá gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ tó gboyè ń gbé sẹ́yìn kiri, wọ́n á ní ayé ti rí ọmọ àwọn ṣe. Nígbà tí wọ́n pín ọ̀dà tí a ń fi kun ojú, èmi àti Julius rò pé kò kàn wá, a wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì ní, "Ẹ̀yin méjì náà, ẹ máa bọ̀. Awọ dúdú ń dán bí òjò bá pa á." Ọjọ́ tí èmi àti ẹ̀ ti jọ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nìyẹn.

Òfin tó wá ju gbogbo òfin lọ ni ti ẹnu. "Ẹ lè gbọ̀n, ẹ lè sunkún," Sájẹ́ǹtì ló sọ bẹ́ẹ̀, "ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀." Ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kejì bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ń bọ̀. Bó bá tẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, má mira, má fọhùn, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu Julius ló mú tiwa wá. Ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú, àfi...

Rárá, ó dá mi lójú.

Bàbá arúgbó kan ló gba ọ̀nà àgùntàn sọ̀kalẹ̀ wá. Fìlà lórí, ọ̀pá lọ́wọ́, ajá wọn sanra, ó sì ti dàgbà bíi wọn. Julius tẹ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí wọn. Wọ́n sún mọ́ wa débi pé mo ń gbọ́ òórùn tábà inú aṣọ wọn. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí omi ń ṣàn gba orí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ yẹ̀, wọ́n ṣubú, orúnkún ló kọ́kọ́ bálẹ̀. Ọ̀pá yí lọ. Mo gbọ́ bí orúnkún yẹn ṣe dún. Ó dùn mí. Orúnkún bàbá mi náà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé wọn ṣubú lójú ọ̀nà Ọjà Ọba, tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí ìrun, wọ́n á kọ́kọ́ di ara ògiri mú. Ó dùn mí bí ẹni pé bàbá mi gan-an ló ṣubú. Julius sì di ọwọ́ mi mú.

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó dì í mú títí èékánná rẹ̀ fi wọlé, àpá rẹ̀ nìyí, mo ṣì ń rí i. Ìdìmú yẹn kò sí nínú àmì tí wọ́n kọ́ wa. Ẹni tó ti ṣe ohun tí kò yẹ ló ń di ẹnì kejì mú bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má sọ. Jọ̀ọ́, bò mí. Kí ló tún lè túmọ̀ sí?

Bàbá dìde, wọ́n gbá ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, wọ́n wá kọjú sí ọ̀dọ̀ wa gan-an. Koríko lásán ló yẹ kí wọ́n rí. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí a ti dé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n kí tó ń dáhùn, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n ń lọ. Ta ni wọ́n ń dá lóhùn? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Julius ti sọ nǹkan. Ó sọ nǹkan fún wọn.

Wọn ò ní ibi kankan lọ́kàn. Nígbà tí bàbá dé ìsàlẹ̀, wọ́n pàdé àwọn sójà tí wọ́n yàn láti máa dọdẹ wa nínú ìdánrawò náà, wọ́n rò ó fún wọn bí ìtàn, pé ilẹ̀ bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí òkè. Sájẹ́ǹtì ló tún un sọ fún wa nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀: "Ohùn èèyàn ni bàbá yẹn gbọ́. Lábẹ́ koríko." Oòrùn ò tíì gòkè tán tí àwọn ọlọ́dẹ fi dé pẹ̀lú ajá, wọ́n ṣí koríko orí wa bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. "Morning, gentlemen." Kọ́púrà wo èmi àti Julius, ó ní, "Ta ni?" Mo ní èmi kọ́. Julius wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Ó wá gbé ojú sílẹ̀, kò fèsì.

Ẹni tí kò ṣe nǹkan, ṣé kì í sọ pé òun ò ṣe é ni?

Nínú ọkọ̀ tún ni. Gbogbo èèyàn ń sùn, ó fi súìtì tó kù ní àpò rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má worry, bro. Fi sílẹ̀ fún mi." Kí ni kí n fi sílẹ̀ fún ọ, Julius? Mi ò jẹ súìtì náà. Ó ṣì wà nínú àpò kóòtù mi. Láti ìgbà wo lèèyàn tí a jọ ń du àyè kan ṣoṣo ti ń fún mi ní súìtì? Nítorí àyè ni gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú nínú ẹgbẹ́ wa lọ bá àwọn sójà gidi ní Norway, láti lọ kọ́ irú iṣẹ́ yìí nínú yìnyín. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé òun ló fọhùn nínú ibùba, kì í ṣe Norway nìkan ló máa pàdánù. Yóò bọ́ aṣọ, yóò dá ẹrù ìjọba padà, kò ní bá wọn ṣe sójà mọ́.

Mo sì fẹ́ ẹ. Kí n má parọ́ fún ara mi. Mo fẹ́ ẹ débi pé àyà mi ń dùn mí. Àwọn tí a jọ gboyè níbí ti padà sílé tán, wọ́n ń kọ lẹ́tà wá pé ọ̀gá làwọn ní iléeṣẹ́ báyìí-báyìí. Èmi tí wọ́n bí síbí nígbà tí bàbá mi ń kàwé, tí mo ní ìwé ìrìnnà wọn, mo ní màá dúró. Mo dúró. Kí ni mo ń ṣe? Mò ń ti aláìsàn kiri lórí kẹ̀kẹ́ ní ọsibítù ní Stockport. Ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ títì. Orí òkè yẹn nìkan ni ibi tí ẹnì kan ti wò mí tó ní, "Benny, o mọ iṣẹ́ yìí." Sájẹ́ǹtì ló sọ ọ́. Mo ti sọ fún Bilikis, ìyàwó mi, pé Norway ti dé. Ó ti bá mi ra ìbọ̀sẹ̀ onírun.

Julius fẹ́ gba ìyẹn náà.

Ó sì le lọ́kàn. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Àgbàlagbà ṣubú níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ mí. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká wa kan ara wọn, èémí rẹ̀ kò yí padà rárá. Moss Side ni wọ́n bí i sí, Jamaica làwọn òbí rẹ̀ ti wá, èmi rò pé wọ́n á ti kọ́ ọ pé... Dúró. Bí kò bá mí, báwo ló ṣe sọ̀rọ̀?

Ó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà ni. Nígbà tí bàbá dìde. Ó rọra sọ ọ́.

Ó rọra sọ ọ́, tí bàbá tó wà lókè gbọ́, tí èmi tí mo sùn tì í kò gbọ́?

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ni... Àwọn èèyàn ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn rí, wọn kì í ṣàánú ara wọn. Cynthia, nọ́ọ̀sì tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ó fi orúnkún gbá bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Tuesday, mo ní pẹ̀lẹ́ ní òyìnbó, "Sorry," ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí lo wá ń bẹ̀ mí fún? Ṣé ìwọ lo gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ ni?" Kò sí bí mo ṣe ṣàlàyé fún un tó yé e. Bilikis ní tirẹ̀, ẹ̀rín ló fi ń rín. "Ìwọ náà ti pọ̀ jù, Bàbá Rọ́ṣídì. Ẹni tí o ò mọ̀ rí á sín nínú bus, o ti dá a lóhùn kí ìyàwó ẹ̀ tó gbọ́." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Wọ́n kọ́ mi nílé. Bóyá wọn ò kọ́ Julius. Ẹni tí kò bá ṣàánú arúgbó kò ní ṣàánú mi.

Màá sọ ọ́. Julius ni, sà. Mo ti dán an wò lẹ́nu ní bálùwẹ̀ láàárọ̀, kò korò. Alhaji Sàlísù ní mọ́ṣáláṣí ni mo sọ ọ́ fún lánàá lẹ́yìn jímọ̀, wọ́n ní, "Bùnyámínù, ṣé o gbọ́ ọ létí ara ẹ? Tí o ò bá gbọ́ ọ, má fi ẹnu ẹ jẹ́rìí sí i." Mo ní mo gbọ́, sà. Kí ló dé tí mo fi ní mo gbọ́? Kí letí mi gbọ́ gan-an? Orúnkún tó dún. Ọ̀pá tó ń yí lórí òkúta. Ajá. Ajá gbó lẹ́ẹ̀kan... kí ló gbó mọ́? Bàbá ti ṣubú tán kó tó gbó. Kò gbó nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ṣubú. Ó gbó lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ sì kọ sí wa. Julius ti di ọwọ́ mi mú nígbà náà.

Wọ́n ṣubú. Ó dùn mí. Julius di ọwọ́ mi mú. Kí ló wà láàárín?

Kò sí nǹkan kan láàárín. Ó dùn mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó dùn mí...

Ìyá Monica ń bọ̀. Obìnrin tó ń po tíì fún wa ní gbọ̀ngàn yìí ni, wọ́n ti dàgbà ju ìyá mi lọ, wọ́n gbé tíréè tíì lé ọwọ́ méjèèjì, ife kún inú tíréè náà. Bóyá wọ́n fẹ́ gba èyí tó tutù lọ́wọ́ mi. Bàtà gbogbo wa ti fi omi òjò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ń dán. Ìlẹ̀kùn Méjọ̀ ń ṣí. Mi ò wo ìyá Monica mọ́, ìlẹ̀kùn ni mò ń wò, mo fẹ́ rí ojú Julius kó tó rí tèmi. Ife ń ró gbalagàdà. Ìyá Monica ti yọ̀. Orúnkún wọn ti bálẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà."

Ta ló sọ̀rọ̀?

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì yìí àfi èmi. Ta ló ń sọ Yorùbá nínú gbọ̀ngàn sójà ní Manchester? Ohùn náà ròkè, ó sì mọ́ gaara, ó ṣì ń dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ètè mi ṣì là sílẹ̀. Mi ò rán an níṣẹ́. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé...

Ìyá Monica fi ọwọ́ kan tilẹ̀, wọ́n yíjú sí mi. Wọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ, àmọ́ wọ́n gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ kejì sókè. "Mo wà dáadáa, love."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n kọjú sí koríko lásán, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀mí ìmoore ni wọ́n fi ṣe é. Mo wà dáadáa. Ẹ ṣé. Wọ́n ṣubú, ó dùn mí — ohun tó wà láàárín nìyí. Ohùn mi ló wà láàárín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Mo ti sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀dà lójú àti koríko lórí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí mi ò sì gbọ́ ọ, bó ṣe jẹ́ pé èèyàn kì í gbọ́ èémí ara rẹ̀. Julius ló gbọ́. Ìgbà tó gbọ́ ọ ló di ọwọ́ mi mú.

Mo ti kúnlẹ̀, mò ń ṣa ife. Ojú ń tì mí, ojú ń tì mí gan-an, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi sí. Gbogbo ìgbà tí mò ń ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, ó mọ̀. Nínú ọkọ̀, ó mọ̀. Nígbà tí mo ní èmi kọ́ lójú kọ́púrà, tó wò mí títí, ó mọ̀, ó ń dúró bóyá màá rántí ni. Ó sì gbé ojú sílẹ̀ nígbà tó rí i pé mi ò rántí.

Bàtà kan dúró ti ọwọ́ mi. Julius ni. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bá mi mú ife, ó wá tẹ ọrùn ọwọ́ mi níbi tí àpá èékánná wà. Lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Má mira. Má fọhùn, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Ó ti sọ fún Méjọ̀ pé òun ló sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe tó fi pẹ́ nínú yàrá nìyẹn. Ó ti dìde, ó ti ń lọ, kóòtù rẹ̀ lé èjìká, kò wẹ̀yìn. Ìyá Monica ti gba tíréè wọn lọ́wọ́ mi. Òjò ṣì ń rọ̀ lára fèrèsé, ìlẹ̀kùn Méjọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Benny. Wọlé."

Mo wọlé. Mo dúró ṣánṣán, mo kí wọn bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá. Súìtì ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú àpò mi. Wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn ní, wọ́n sì ti bi mí: ta ló sọ̀rọ̀ nínú ibùba? Ẹnu tí mi ò rán níṣẹ́ lórí òkè, tí mi ò rán níṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi gan-an ni mo fẹ́ rán an báyìí. Mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mo ti tọ́jú síbẹ̀ láti àárọ̀. Èmi kọ́, sà. Mò ń wá a lẹ́nu, mi ò rí i mọ́.